Ta ni ẹnu ń yà? Bí ẹ ṣe lè yan fíìmù àrà tí gbogbo ilé máa jọ wò

Alẹ́ Sátidé ni a máa ń wo fíìmù nílé wa, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ abọ́ tán. Ọmọ mẹ́ta ló máa ń tò sórí ẹní: ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ọ̀kan ọdún méje, àgbà wọn ọdún mọ́kànlá. Màmá mi á jókòó sórí àga tiwọn, wọ́n á fi ìborùn bo ẹsẹ̀. Èmi ni mo máa ń di rìmóòtù mú, èmi náà sì ni gbogbo wọn máa ń dójú lé bí fíìmù bá já sí òfo.

Àrà ni àwọn ọmọ yìí fẹ́. Wọn ò fẹ́ ìjà, wọn ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. "Ẹ fi èyí tí kò lórí tí kò nídìí sí i," ni ti ọmọ ọdún méje máa ń wí, ó sì mọ ohun tó ń sọ: bọ́ọ̀sì tó jẹ́ ológbò, àwọn àgbàlagbà tó ń mu tíì lábẹ́ àjà tí ẹsẹ̀ wọn ò kanlẹ̀, ọmọbìnrin tó jẹ ṣingọ́ọ̀mù tó sì wú bíi bọ́ọ̀lù. Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n àrà kan ò jọ̀kan. Òmíràn á mú ọmọ rẹ́rìn-ín títí á fi sùn. Òmíràn á jẹ́ kó jí ké lóru. Òmíràn sì wà tí wọ́n náwó lé lórí bí ẹni ń ṣòkú olówó, síbẹ̀ tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ fi àwọn tí a ti wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ wéra, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ gbé síwájú ọmọ tiyín.

Òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọ̀n wọ́n, inú àlọ́ ni mo ti mú un. Ẹ rántí Ìjàpá tó lọ bẹ babaláwo nítorí Yánníbo ìyàwó rẹ̀ tí kò rọ́mọ bí. Babaláwo se àsèjẹ fún un, ó ní kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Ìjàpá ò lè mú un mọ́ra, ó tọ́ ọ wò, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ló bá forin padà sọ́dọ̀ babaláwo: "Babaláwo mo wá bẹ̀bẹ̀, alugbinrin." Gbogbo wa la ti gbe orin yẹn rí. Ta ló dá apàlọ́ dúró rí pé báwo ni akọ ìjàpá ṣe lóyún? Babaláwo tó wà nínú àlọ́ gan-an kò béèrè. Oyún náà ní òfin tirẹ̀: wọ́n ní má tọ́ ọ wò, ó tọ́ ọ wò, ó rí i. Bí àrà bá ti lófin, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì mú un bí ohun ojoojúmọ́, ọmọdé á gbà á gbọ́, àgbà á sì rẹ́rìn-ín sí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò ni: ta ni ẹnu ń yà níbí?

Wonka àkọ́kọ́ àti Wonka tó tẹ̀lé e

Ìwé tí Roald Dahl kọ ní 1964 ni wọ́n sọ di fíìmù lẹ́ẹ̀mejì. Èyí àkọ́kọ́, Willy Wonka & the Chocolate Factory, jáde ní 1971; Mel Stuart ló darí rẹ̀, Gene Wilder ló ṣe Wonka, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ṣokoléètì. Èkejì, Charlie and the Chocolate Factory, jáde ní 2005. Tim Burton ló darí rẹ̀, Johnny Depp ló ṣe Wonka. Ìtàn kan náà ni: ọmọ márùn-ún rí tíkẹ́ẹ̀tì góòlù, wọ́n wọ ilé iṣẹ́ ṣokoléètì, mẹ́rin nínú wọn kò gbọ́rọ̀, ojú wọn sì rí màbo. Wonka fúnra rẹ̀ ni ìyàtọ̀.

Ẹ wo bí ti 1971 ṣe jáde síta. Èrò ti kún ẹnu géètì. Ilẹ̀kùn ṣí, ọkùnrin kan tó dé fìlà gíga yọ, ó ń fi ọ̀pá tiro bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ariwo gbogbo ènìyàn sì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ọ̀pá náà há sáàárín òkúta tí wọ́n tò sílẹ̀. Kò mọ̀. Ó gbẹ́sẹ̀ kan láìsí ọ̀pá, ó gbé èkejì, ó fẹ́ fojú gbolẹ̀, ló bá ta òkìtì, ó dìde dúró ṣánṣán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Wilder ló ní àfi kí wọ́n fi èyí sí i kí òun tó gbà láti ṣe eré náà. Ó ní láti ibẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá irọ́ lòun ń pa tàbí òótọ́ lòun ń sọ. Bó sì ṣe rí nìyẹn. Nílé wa, gbogbo ìgbà tí Wonka bá lanu, àwọn ọmọ á kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Violet, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ márùn-ún náà, jẹ ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kó má jẹ, tí ara rẹ̀ di àwọ̀ aró, tó ń wú, tó ń wú, bàbá rẹ̀ ń pariwo. Wonka kàn sọ fún wọn pé ibi ìpanu ẹ̀yìn oúnjẹ ló máa ń bàjẹ́ sí, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀wà tó jóná. "Bíi ti Ìjàpá!" ni ọmọ ọdún méje fi igbe ta. Èmi ò ti ì rò ó dé ibẹ̀ títí ó fi sọ ọ́.

Ti 2005 lẹ́wà jù, mi ò jiyàn. Nínú ti 1971, pẹ́pẹ́yẹ ńlá tó ń yé ẹyin wúrà ni wọ́n lò fún Veruca, ọmọ mìíràn nínú wọn. Burton padà sí ọ̀kẹ́rẹ́ tó wà nínú ìwé, wọ́n sì kọ́ 40 ọ̀kẹ́rẹ́ gidi níṣẹ́ fún ibẹ̀. Wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n ń kan àsálà gbọ̀n-gbọ̀n létí bóyá ó dára. A fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ẹ̀rín. Deep Roy nìkan ló ṣe gbogbo Oompa Loompa, àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké Wonka, ọkùnrin kan ṣoṣo tó di ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ìyẹn náà dùn.

Ohun tó bà á jẹ́ ni bàbá. Burton fún Wonka ní bàbá kan tó jẹ́ dókítà eyín, Christopher Lee ló ṣe é, bàbá yìí kì í jẹ́ kó fẹnu kan ohun dídùn. Gbogbo ìgbà la ń padà sí ìgbà èwe Wonka kí á lè mọ ìdí tó fi ń ṣe báyìí. Bí a bá ti mọ ìdí, àrà tán nílẹ̀ o, ó di àìsàn tí wọ́n ń wá oògùn fún. Ẹni tó ń tú àwàdà palẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti sọ ọ́ di ẹjọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá wa fẹ́ràn ibẹ̀ ní tirẹ̀, ó ní ó ṣe òun láàánú. Mo gbà fún un. Àwọn méjì yòókù ti lọ mumi.

Ìkìlọ̀ kan wà lórí ti 1971. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ náà wọ ihò òkùnkùn, àwòrán burúkú ń kọjá lára ògiri. Wọ́n bẹ́ orí adìẹ níbẹ̀. Adìẹ ò já ọmọ wa láyà, ṣebí ó ń rí i lọ́dún Kérésì. Ohùn Wilder tó ń lọ sókè sí i, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ẹ̀mí ń gùn, ló lé ọmọ ọdún mẹ́rin sábẹ́ ìborùn màmá mi. Ẹ̀bi mi ni. Mo ti gbàgbé pé ibẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nínú ìwé bó ṣe kọ́kọ́ jáde, èèyàn dúdú kúkúrú ni àwọn Oompa Loompa, Wonka kó wọn ti ilẹ̀ Áfíríkà wá nínú àpótí, wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún un. NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn dúdú ní Amẹ́ríkà, tako o. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ojú aláwọ̀ ọsàn àti irun aláwọ̀ ewé nínú fíìmù 1971, Dahl sì tún ìwé náà kọ ní 1973. Bí ẹ bá rí ẹ̀dà àtijọ́ níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé àlòkù, ẹ kọ́kọ́ ṣí i wò kí ẹ tó rà á fún ọmọ.

Wonka kẹta náà jáde ní 2023, Timothée Chalamet ló ṣe é nígbà tí Wonka wà lọ́dọ̀ọ́. Ó dùn, orin wà níbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín sí wa jù, bí ẹni tó fẹ́ yá owó. Bó bá jẹ́ èmi, ti 1971 ni.

Àlejò méjì ní Lọ́ńdọ̀nù

Mary Poppins (1964) àti Paddington 2 (2017), ẹ lè fi wọ́n ṣe ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀léra. Ìlú kan náà, ìdílé kan tí nǹkan ò lọ déédéé, àlejò kan tó wọlé tó tún ilé tò. Mary Poppins ló ni àrà tirẹ̀, ìka ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń pàṣẹ fún un. Paddington ò ní agbára kankan. Ó kàn jẹ́ béárì tó ní ìwà ọmọlúàbí nínú ìlú tí gbogbo èèyàn ń kánjú.

Julie Andrews ló ṣe Mary Poppins fún Disney, ó sì gba Oscar nítorí rẹ̀. Ó fi agbòjò bọ́ láti ojú ọ̀run, ó gbé báàgì kan dání. Ó ṣí báàgì, ó yọ ìkọ́ fìlà tó ga ju báàgì lọ, ó yọ dígí ńlá, ó yọ òdòdó inú ìkòkò, ó yọ àtùpà onígi gíga. Ọmọkùnrin ilé bẹ́rẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì bóyá ihò wà níbẹ̀. Ibi tí ọmọ tiyín náà máa wò nìyẹn. Bàbá ilé, òṣìṣẹ́ báǹkì, ní kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Èsì tó fún un ni pé òun kì í ṣàlàyé ohunkóhun rí. Ó yẹ kí Burton ti gbọ́ gbólóhùn yẹn kó tó bí bàbá fún Wonka.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ kì í ṣe ti idán. Ará àdúgbò kan wà, ọ̀gá ológun ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì, tó sọ òrùlé rẹ̀ di ọkọ̀ òkun, tó sì ń yìnbọn àgbá bí aago bá ti lù. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Bí àkókò bá ti ń tó, ìyá ilé á sáré di ìkòkò òdòdó mú, ọmọ ọ̀dọ̀ á sáré di pianó mú, alásè á di abọ́ mú, gbòà, ilé á mì tìtì, oníkálukú á padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Màmá mi rẹ́rìn-ín débi tí omi bọ́ lójú wọn. "Bí a ṣe máa ń ṣe tí iná bá fẹ́ já nìyẹn," ni wọ́n wí, "ẹni tó ń lọ aṣọ á sáré, ẹni tó ń lọ ata á sáré." Bàbá àgbà tó ń fò lọ sábẹ́ àjà nítorí ẹ̀rín náà lófin: àfi kí ẹ ro ohun ìbànújẹ́ kí ẹ tó lè sọ̀kalẹ̀.

Ó gùn o: ìṣẹ́jú 139. Ní àárín, orin kan ò tíì tán kí òmíràn tó gbà á. Ọmọ ọdún mẹ́rin sùn lọ. Ọ̀gá ológun tí mo ń yìn yìí náà sì lẹ́nu: ó lo ọ̀rọ̀ èébú kan tí àwọn òyìnbó ń lò fún àwọn èèyàn gúúsù Áfíríkà láyé ọjọ́un, ó fi ń pe àwọn tó ń nu ihò èéfín tí ojú wọn dúdú fún ìdọ̀tí. Ní 2024, àwọn tó ń díwọ̀n fíìmù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé fíìmù náà kúrò ní U (tó yẹ fún gbogbo èèyàn) sí PG (tí òbí ní láti fojú sí) nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo dá a dúró níbẹ̀, mo sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ọmọ ọdún mọ́kànlá, a sì tẹ̀ síwájú.

Ní ti Paddington, Pẹ́rù ló ti wá. Michael Bond kọ́kọ́ kọ ìwé rẹ̀ ní 1958. Káàdì wà lọ́rùn rẹ̀ tó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tọ́jú béárì yìí. Bond sọ pé àwọn ọmọ tí wọ́n kó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà ogun tí káàdì wà lọ́rùn wọn lòun rántí. Ẹ̀yin tí òbí yín lọ kàwé níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 mọ èyí tó tún jọ ọ́: ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n fi sọ́dọ̀ ìdílé òyìnbó lábúlé kí òbí lè ráyè ṣiṣẹ́ kí wọ́n sì kàwé. Àǹtí mi kan tó dàgbà bẹ́ẹ̀ ò lè wo ibùdókọ̀ ojú irin yẹn tán.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àrà rẹ̀ o. Nínú fíìmù àkọ́kọ́, ti 2014, ìdílé Brown rí i ní ibùdókọ̀ tó jókòó lórí àpótí. Bàbá wọn ní kí wọ́n má wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, béárì kan wà níbẹ̀ yẹn, bóyá ó ń ta nǹkan. Kò sọ pé ẹ gbà mí, béárì! Màmá mi ò lè pa á mọ́ra.

"Ṣé kò sẹ́ni tó máa bi í pé báwo ló ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni?"

Ọmọ ọdún mẹ́rin bojú wẹ̀yìn, ó dàbí pé màmá mi ló ṣe nǹkan tí kò bọ́gbọ́n mu. "Màmá àgbà, wọ́n kọ́ ọ nílé ni."

Ẹjọ́ tán.

Apá kejì ni mo ní kí ẹ mú ṣáájú, àkọ́kọ́ ní obìnrin kan tó fẹ́ pa béárì náà kó fi koríko kún inú rẹ̀, ìyẹn lè ba ọmọ kékeré lẹ́rù. Nínú èkejì, wọ́n ka ẹ̀sùn olè sí Paddington lọ́rùn, ó dẹ́wọ̀n. Ó fi ìbọ̀sẹ̀ pupa kan sáàárín aṣọ tó ń fọ̀, aṣọ gbogbo ẹlẹ́wọ̀n di aláwọ̀ òdòdó. Àwọn ọ̀daràn tí ojú wọn le bí òkúta wá wọ̀ ọ́, wọ́n tò. Alásè ẹ̀wọ̀n tí gbogbo wọn ń sá fún, Paddington fún un ní búrẹ́dì onijáàmù ọsàn jẹ. Kí ó tó pẹ́, ilé oúnjẹ ẹ̀wọ̀n ti di ibi tí èèyàn lè mú ìyá rẹ̀ lọ. Fíìmù tó dùn mọ́ gbogbo wa nílé jù nìyẹn, Hugh Grant tó ń ṣe òṣèré tí ògo rẹ̀ ti wọ̀ sì wà níbẹ̀, tó ń múra bíi sísítà ìjọ Kátólíìkì, bíi ológun ayé àtijọ́. Ẹ má pa á títí orúkọ àwọn òṣèré á fi tán.

Agbòjò bàbá

Bí ọmọ tó kéré jù nílé yín ò bá tó ọdún márùn-ún, ẹ má wulẹ̀ ronú jìnnà. Ẹ mú My Neighbor Totoro, kátúùnù tí Hayao Miyazaki ṣe ní Jàpáánì ní 1988. Ìṣẹ́jú 86 péré. Kò ní ọ̀tá. Kò sẹ́ni tó burú nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, síbẹ̀ kò sú ni.

Ọmọbìnrin méjì, Satsuki àti Mei, kó lọ sí abúlé pẹ̀lú bàbá wọn. Ìyá wọn wà nílé ìwòsàn. Mei kékeré bá ẹ̀dá ńlá onírun kan pàdé lábẹ́ igi, ó sùn sórí ikùn rẹ̀. Nígbà tó sọ fún bàbá rẹ̀, bàbá ò ní irọ́ lò ń pa. Ó kó àwọn ọmọ lọ sídìí igi náà, ó tẹríba, ó ní ẹ ṣeun tí ẹ bá wa tọ́jú Mei. Ẹni tó bá dàgbà lẹ́bàá ìrókò mọ irú ìkíni bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ jókòó tì ni ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì. Ilẹ̀ ti ṣú, òjò ń rọ̀, bọ́ọ̀sì bàbá ti pẹ́. Satsuki pọn Mei tó ti sùn sẹ́yìn, ó di agbòjò tirẹ̀ mú, agbòjò bàbá wà lọ́wọ́ kejì. Nǹkan kan wá dúró tì í. Ó rọra gbé agbòjò sókè, ó rí èékánná. Totoro ni, ewé kan ṣoṣo ló gbé lérí, omi ń kán sí i nímú. Satsuki na agbòjò bàbá sí i. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, ó fi hàn án. Wọ́n dúró báyìí, ọmọ àti ẹ̀dá, wọn ò sọ nǹkan kan. Omi kán láti orí igi: tó. Ojú Totoro là. Ó tún kán: tó, tó. Irun ara rẹ̀ dìde fún ayọ̀. Ló bá fò sókè, ó fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ balẹ̀, gbogbo omi tó wà lórí igi inú igbó yẹn sì ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbìì. Ó ké ramúramù.

Nígbà náà ni bọ́ọ̀sì dé. Ológbò ni, iná iwájú ni ojú rẹ̀, inú rẹ̀ sì ní ìjókòó. Totoro fún Satsuki ní nǹkan kékeré tí wọ́n fi ewé dì, ó wọlé, ó lọ. Ọmọbìnrin yìí ti rí ẹ̀dá igbó, ó ti rí ológbò tó ń kó èrò. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé Totoro gbé agbòjò bàbá lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rin wa ní kí n padà sí ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ kejì, ó ń fò lábẹ́ igi máńgòrò nígbà tí òjò dá, omi ò já, ó sì ń bínú sí igi náà.

Spirited Away tí Miyazaki kan náà ṣe ní 2001 gba Oscar ní 2003, ó sì jinlẹ̀ ju Totoro lọ, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 125 ni, àwọn òbí ọmọ náà sì ti jẹun tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n ti di ẹlẹ́dẹ̀, kí ọmọ kékeré tó rí ibi jókòó dáadáa. Ẹ dúró kó pé ọdún mẹ́sàn-án. Àgbà wa wò ó nìkan pẹ̀lú mi, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń ti àwo oúnjẹ rẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀.

Bó bá wá jẹ́ pé alẹ́ kan ṣoṣo lẹ ní, tí iná sì dà bí ẹni tó fẹ́ lọ, Totoro ló máa tán kí wọ́n tó mú un. Bí àgbà bá pọ̀ ju ọmọdé lọ, tàbí àlejò wà nílé, Paddington 2. Mary Poppins, ẹ pín in sí alẹ́ méjì, ẹ gé e níbi tí àwọn àgbàlagbà ti sọ̀kalẹ̀ láti abẹ́ àjà. Wonka ti 1971 wà fún ọmọ ọdún méje sókè. Níwọ̀n bí ọmọ ọdún mẹ́rin kì í ti í gbà kí wọ́n ti òun mọ́ yàrá, bí wọ́n bá ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi báyìí, màmá mi á ní kó lọ bá àwọn mú ìgò omi wá ní ilé ìdáná, èmi á sì tẹ rìmóòtù síwájú.